Bọ́ìlà kan ni àbí méjì, fún ilé tó ní rédíétọ̀ lókè àti ooru abẹ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀?

IléTutù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Bọ́ìlà wa, ẹ̀rọ tó ń jó gáàsì láti fi gbé omi gbígbóná yí ilé ká, ti darúgbó, a sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ kété tí òtútù yìí bá ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, nǹkan bí 190 m². Lókè, àwọn rédíétọ̀ onírin ńláńlá àtijọ́ ló wà níbẹ̀, tí omi gbígbóná ń gba inú wọn kọjá kí yàrá lè gbóná. Nísàlẹ̀, nígbà tí a tún ilẹ̀ ṣe, a da kọnkéré lé àwọn páìpù oníke tí omi gbígbóná ń gbà kọjá, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá ń gbé ooru jáde. Irin ìsáṣọ kékeré kan wà ní ilé ìwẹ̀, táǹkì omi gbígbóná 200 lítà sì wà fún ìwẹ̀. Bọ́ìlà kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo wọn, wọ́n kọ 35 kW (kílówáàtì, ìwọ̀n agbára ooru tó lè gbé jáde) sí i lára.

Oníṣẹ́ méjì ló ti wá wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ ní ká ra bọ́ìlà méjì: ọ̀kan fún abẹ́ ilẹ̀ tí yóò máa gbé omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìkejì fún rédíétọ̀ àti omi ìwẹ̀ tí yóò máa gbé omi tó gbóná janjan. Ó ní méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé. Ẹnì kejì ní òun ò rí ohun tí a fẹ́ fi méjì ṣe, pé ká ra ẹyọ kan tó tó 40 kW kí omi ìwẹ̀ má bàa wọ́n wa. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wọ̀ mí létí, ìyẹn gan-an ni ò sì jẹ́ kí n mọ èyí tí mo máa mú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?

Ọ̀gá_Páìpù

Ẹ káàbọ̀. Kí n tó dá sí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, ẹ jẹ́ kí n bi yín: nínú àwọn oníṣẹ́ méjèèjì, ta ló wọn ilé yín? Ta ló ka fèrèsé, tó gun àjà lọ wo ohun tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀, tó sì sọ iye ooru tí ilé ń pàdánù lálẹ́ tí òtútù mú jù lọ? Mo fura pé kò sí. Ẹni tó gbé bọ́ìlà 35 kW wá fún yín lọ́jọ́sí kò wọn ilé náà. Ohun tó wà ní sítóò ló gbé wá, ó sì tún fi lé e kí wọ́n má bàa pè é padà.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n fúnra yín, ó sì dá mi lójú ju ìṣirò orí ìwé lọ torí ilé yín gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí òtútù bá mú dáadáa, tí gbogbo yàrá ti gbóná dé ibi tí ẹ fẹ́, ẹ pa omi ìwẹ̀, ẹ má sì tan gáàsì sí nǹkan mìíràn. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀. Ẹ fi wákàtí bíi mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ tún tó kà á. Ẹ kọ bí ìta ṣe tutù tó àti bí inú ilé ṣe gbóná tó. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ wá síbí, a ó jọ ṣírò rẹ̀.

Ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni.

MàmáÌbejì

Ọmọ mi, èmi o, bọ́ìlà méjì ni tèmi, mi ò sì ní padà sí ẹyọ kan. Ìyá mi tó ti dàgbà ń gbé lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí ọ̀kan kú láàárín òtútù líle, tí oníṣẹ́ ní èròjà tó bàjẹ́ kò ní tètè dé, èkejì ló gbé ilé dúró. Kò gbóná bó ṣe máa ń gbóná, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò sùn pẹ̀lú kóòtù. Ẹni tí irú rẹ̀ kò bá ṣe rí kò lè mọ iye tí bọ́ìlà kejì ń jẹ́.

Ẹnjiníà_Ooru

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. A ó padà sórí ohun tí ẹ sọ, torí ó ṣe pàtàkì. Àmọ́ ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ méjì ló ti wọnú ara wọn níbí. Ọ̀kan ni pé ohun tí ń gba ooru nínú ilé yìí kì í jẹ irú omi kan náà. Èkejì ni pé kí ilé má bàa tutù tí bọ́ìlà bá bàjẹ́. Ẹni tó ní kí ẹ ra méjì ń dáhùn èkíní, Màmá ń dáhùn èkejì. Ẹ má da wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Ilẹ̀ oníkọnkéré kì í fẹ́ ju omi 35 sí 40 dígírì lọ. Ojú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò yẹ kó kọjá 29 dígírì níbi tí ènìyàn ń dúró sí, bó bá sì dé 29 nínú yàrá tó wà ní 20, nǹkan bí 100 W ló ń gbé jáde lórí m² kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ju ohun tí ilé tó bójú mu nílò lọ. Rédíétọ̀ ní tirẹ̀, iye tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ìwé rẹ̀ jẹ́ fún omi tó wọlé ní 75 tó jáde ní 65, nínú yàrá tó wà ní 20. Bí ẹ bá wá fi 55 wọlé tó sì jáde ní 45, ìdajì iye yẹn péré ni yóò máa gbé jáde.

Ìdí tí ó fi yẹ ká bìkítà rèé. Bọ́ìlà òde òní, èyí tí wọ́n ń pè ní condensing, ń gba ooru inú èéfín padà. Omi wà nínú èéfín gáàsì, àmọ́ ó ti di afẹ́fẹ́. Bí èéfín náà bá kan irin tó tutù tó, omi yẹn á sẹ̀ bí ìrì, á sì tú ooru tó gbé pamọ́ sílẹ̀. Kò ní sẹ̀ àfi tí omi tó ń padà bọ̀ láti inú ilé bá rẹlẹ̀ ju nǹkan bí 55 dígírì lọ. Bó bá ń padà bọ̀ ní 65, owó bọ́ìlà olówó ńlá lẹ san, iṣẹ́ bọ́ìlà lásán ló sì ń ṣe fún yín.

Torí náà, kì í ṣe iye bọ́ìlà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ wá bí rédíétọ̀ òkè yẹn ṣe lè fi omi tó rẹlẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn rédíétọ̀ àtijọ́ sábà máa ń tóbi ju ohun tí yàrá nílò lọ, pàápàá níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ fèrèsé. Ṣé ẹ ti pààrọ̀ tiyín?

IléTutù

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo fèrèsé ti di onígíláàsì méjì, wọ́n sì ti tẹ́ nǹkan sí àjà dáadáa. Ẹ ṣeun, Màmá, mo gbọ́ tiyín náà. Mo ń dúró de alẹ́ tí òtútù máa mú.

Ọ̀gá_Páìpù

Tí ẹ bá ti ń ka mítà, ẹ tún ṣe ìdánwò kejì yìí. Ẹ wo bọ́tìnì tí ẹ fi ń yan bí omi bọ́ìlà ṣe máa gbóná tó. Bó bá wà ní 80, ẹ dín in kù sí 60, kí ẹ máa wo yàrá òkè fún odindi ọjọ́ kan. Yàrá tí kò bá lè dé 20 ni ẹ kọ sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ìdánwò lásán ni. Bọ́ìlà onírin àtijọ́ ni tiyín, òun kì í ṣe condensing. Bí omi tó ń padà bá ń rẹlẹ̀ sí i fún ìgbà pípẹ́, omi inú èéfín á máa sẹ̀ sí i níkùn. Omi yẹn ní ásíìdì, irin á dípẹtà, páìpù èéfín náà á jẹ. Bí ẹ bá ti rí èsì, ẹ dá a padà síbi tó wà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Iná

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, mo ń kọ́ṣẹ́ ni. Ṣé kì í ṣe ohun tí Ọ̀gá sọ yìí náà ni oníṣẹ́ àkọ́kọ́ rí tó fi ní bọ́ìlà méjì? Pé kí omi tútù abẹ́ ilẹ̀ má bàa ba bọ́ìlà rédíétọ̀ jẹ́?

Ọ̀gá_Páìpù

Ìbéèrè rẹ dára, àbúrò. Láyé bọ́ìlà onírin, ohun tó yẹ kéèyàn bẹ̀rù gan-an ni. Síbẹ̀, a kì í torí ẹ̀ ra méjì nígbà náà. Fáàfù tó ń po omi pọ̀ là ń lò: ó ń bu díẹ̀ nínú omi gbígbóná bọ́ìlà, ó ń pò ó mọ́ èyí tó ti yí ilẹ̀ ká tó sì ti tutù, kí ohun tó wọ ilẹ̀ jẹ́ 35. Lẹ́yìn náà, a máa ń dá díẹ̀ nínú omi gbígbóná padà sẹ́nu ibi tí omi ń gbà wọ bọ́ìlà, kí èyí tó dé ibẹ̀ má rẹlẹ̀ ju 55 lọ. Tó bá jẹ́ condensing lo fẹ́ rà, ẹ̀rù yẹn ti kúrò. Omi tútù ló ń fẹ́. Bí ó ṣe tutù tó nígbà tó ń padà bọ̀ ni owó gáàsì ṣe ń rọlẹ̀ tó.

IléTutù

Òtútù dé, mo sì ti kà á. Fún wákàtí mẹ́ta, 3.9 m³ ni mítà jẹ. Ìta wà ní −8, inú ilé wà ní 20. Omi ìwẹ̀ wà ní pípa, a ò sì dáná. Bọ́ìlà ń tàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á kú, á tún tàn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí.

Ti ìdánwò 60: gbogbo yàrá òkè dúró ní 20, àfi ọ̀kan tó wà ní igun ilé, tí ògiri rẹ̀ méjì kọjú sí ìta. Ìyẹn kò kọjá 18. Mo ti dá a padà sí 80 bí ẹ ṣe wí.

Ẹnjiníà_Ooru

Ẹ kú iṣẹ́! Iṣẹ́ tí ẹ ṣe yìí ju ti àwọn tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín lọ.

Ẹ wá ká ṣírò rẹ̀. 3.9 pín sí wákàtí mẹ́ta jẹ́ 1.3 m³ ní wákàtí kan. Gáàsì ilé máa ń gbé nǹkan bí 10.5 kWh nínú m³ kan (kWh kan ni ooru tí 1 kW ń gbé jáde ní wákàtí kan), ìyẹn jẹ́ kW 13 àti díẹ̀ tó wọnú bọ́ìlà. Bọ́ìlà àtijọ́ kì í lò ju bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ, ìyókù ń bá èéfín lọ. Nǹkan bí 11 kW ló wọlé yín nígbà tí ìyàtọ̀ inú àti ìta jẹ́ 28 dígírì. Níbo ni òtútù yín máa ń burú dé?

IléTutù

−15 ni wọ́n máa ń fi ṣe ìṣirò níbí. Ó ṣọ̀wọ́n kó rékọjá bẹ́ẹ̀.

Ẹnjiníà_Ooru

Ìyàtọ̀ yóò wá di 35. Ẹ fi 35 pín fún 28, kí ẹ fi ìyẹn ṣe ìlọ́po 11, ẹ ó rí nǹkan bí 14 kW. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí ilé yín fẹ́ ní ọjọ́ tó burú jù lọ nínú ọdún. Bọ́ìlà 35 kW tó wà níbẹ̀ fi ìlọ́po méjì àbọ̀ jù ú lọ, òun ló fi ń tàn tó ń kú. Ẹni tó fẹ́ gbé 40 wá fẹ́ kó burú sí i ni. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tó pọ̀ jù nínú ìgbà òtútù, ilé kì í fẹ́ tó ìdajì 14 yẹn.

Ọ̀gá_Páìpù

Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi rọrùn. Bọ́ìlà òde òní lè fa iná rẹ̀ sẹ́yìn, kó máa jó díẹ̀díẹ̀. Iye tó wà lókè nínú ìwé rẹ̀ ni oníbàárà máa ń wò, iye tó wà nísàlẹ̀ ló yẹ kó wò. Ẹ wá èyí tó lè wálẹ̀ dé 3 kW, tó sì lè gòkè dé bíi 18. Ìyẹn bo 14 yín, àyè sì wà lókè.

Ẹ wo irin ìsáṣọ ilé ìwẹ̀ yẹn o. Ó ṣeé ṣe kó máà gbà ju 0.5 kW lọ. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló ń béèrè ooru láàárọ̀, tí bọ́ìlà ò sì lè rẹlẹ̀ ju 3 lọ, níbo ni 2.5 tó kù máa lọ? Omi á gbóná ju bó ti yẹ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, bọ́ìlà á kú, omi á tutù, á tún tàn. Irú títàn-kíkú bẹ́ẹ̀ ló ń pa ohun tí ń tan iná àti fáànù bọ́ìlà. Nítorí ẹ̀ la ṣe máa ń fi táǹkì kékeré kan sáàárín bọ́ìlà àti ilé, tí omi inú rẹ̀ á gba àjẹkù ooru yẹn sára.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ìwọ̀n táǹkì náà kò le. Ká ní ẹ fẹ́ kí bọ́ìlà máa jó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán, tí ẹ sì gbà kí omi táǹkì fi dígírì mẹ́wàá gòkè. 2.5 kW fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá jẹ́ 1,500 kJ, lítà kan sì ń gba nǹkan bí 4.2 kJ kó tó fi dígírì kan gòkè. Lítà 36 ló jẹ́. Ẹ ra 50. Ẹ wá fi bọ́ìlà 40 tí kò lè rẹlẹ̀ ju 8 lọ ṣe ìṣirò kan náà, ẹ ó rí i pé táǹkì náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 110 lítà. Ẹ ó wá ra nǹkan ńlá kan láti fi tún ohun tí ìwọ̀n bọ́ìlà bàjẹ́ ṣe.

Ti omi ìwẹ̀ tí ẹnì kejì fi dẹ́rù bà yín: láti gbé 200 lítà kúrò ní 10 dé 60 dígírì gba nǹkan bí 11.6 kWh. Bọ́ìlà 18 kW yóò fi bí 40 ìṣẹ́jú ṣe é, bí gbogbo táǹkì bá tiẹ̀ tutù pátá, èyí tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi ìwẹ̀ kọ́kọ́ gba tirẹ̀, kí ilé dúró. Ilẹ̀ oníkọnkéré yín ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín 40 ìṣẹ́jú, àwọn irin ńláńlá òkè náà ò ní tíì tutù. Kí omi inú táǹkì náà má ṣe rẹlẹ̀ ju 60 lọ, torí kòkòrò àrùn Legionella tó máa ń gbilẹ̀ nínú omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Aláfẹ́fẹ́

Ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ gbèjà bọ́ìlà méjì lọ́nà mìíràn. Bí ènìyàn bá so méjì pọ̀ sórí páìpù kan náà, ọ̀kan á máa ṣiṣẹ́ níjọ́ tí òtútù kò pọ̀, èkejì á dìde nígbà tí ọwọ́ bá ti kún. Bí iná ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá lè fà sẹ́yìn dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, méjì tó so pọ̀ lè fà sẹ́yìn dé ìdá kan nínú ogún gbogbo agbára wọn. Ṣé ìyẹn ò yanjú ọ̀rọ̀ títàn-kíkú?

Ẹnjiníà_Ooru

Òótọ́ lẹ sọ, ilé ńlá ló sì wà fún. Ilé tó fẹ́ 60 kW, bíi ilé ìjọsìn tàbí ilé onífúláàtì púpọ̀, méjì tàbí mẹ́ta tó so pọ̀ ni mo máa fi sí i láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ níbí, 14 kW la ń sọ. Bọ́ìlà kékeré tí wọ́n ń tà sábà máa ń wálẹ̀ dé 2 tàbí 3 kW. Bí ẹ bá ra méjì irú rẹ̀, iná tó kéré jù lọ tí ẹ lè tàn ṣì ni 3 yẹn náà. Agbára òkè nìkan lẹ ti sọ di ìlọ́po méjì, ẹni tó ń fẹ́ 14 kò sì ní nǹkan tó máa fi 36 ṣe.

MàmáÌbejì

Mo fara mọ́ ọn pé ti ìṣirò lẹ ń sọ. Àmọ́ ẹ tún padà sórí tèmi, bí ẹ ṣe ṣèlérí. Ìṣirò kì í mú ilé gbóná nígbà tí bọ́ìlà bá ti kú.

Ọ̀gá_Páìpù

Màmá, ẹ tọ̀nà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ọ̀rọ̀ yín dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa: báwo ni wọ́n ṣe so méjèèjì tiyín?

MàmáÌbejì

Páìpù kan náà ni wọ́n jọ ń da omi sí. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri tó ń pààrọ̀ wọn, ọ̀kan á ṣíwájú fún ìgbà díẹ̀, èkejì á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n lè jọ gbó lọ́gba. Fáàfù wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọn. Bí oníṣẹ́ bá wá tún ọ̀kan ṣe, ó kàn máa ń ti fáàfù tirẹ̀ ni, èkejì ò ní dúró. Mi ò ní parọ́ o, ìtọ́jú ọdọọdún jẹ́ méjì, páìpù èéfín jẹ́ méjì, wọ́n sì gba ògiri mi tán.

Ọ̀gá_Páìpù

Ẹ ṣeun gan-an. IléTutù, ṣé ẹ rí i? Bọ́ìlà méjì tí Màmá ní kì í ṣe irú èyí tí oníṣẹ́ yẹn fẹ́ tà fún yín. Tirẹ̀ jọ ń bọ́ ilé kan. Èyí tí wọ́n fẹ́ gbé fún yín, ọ̀kan á máa bọ́ ìsàlẹ̀, ọ̀kan á máa bọ́ òkè, wọn ò ní pàdé. Bí ti òkè bá kú, ti ìsàlẹ̀ ò lè ran án lọ́wọ́, omi ìwẹ̀ náà á sì bá a lọ. Owó méjì lẹ san, ẹyọ kan lẹ ní ní apá kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, èyí ni mo máa ń fi gbogbo ẹnu sọ fún oníbàárà: bí ẹ bá máa ra méjì, ẹ so wọ́n pọ̀. Bí ẹ ò bá ní so wọ́n pọ̀, ẹ ra ẹyọ kan tó dára.

Akẹ́kọ̀ọ́_Iná

Bí iná mànàmáná bá lọ ńkọ́? Ṣebí méjèèjì ló máa kú.

Ẹnjiníà_Ooru

Àbúrò, o rí i! Méjèèjì ni o. Bí gáàsì ò bá wọlé mọ́, méjèèjì ni. Bí pọ́ǹpù kan ṣoṣo tó ń ta omi sínú ilé bá jó, bọ́ìlà mẹ́wàá ò ní ràn án. Ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù ló yẹ kó kọ́kọ́ dárúkọ, kó tó ra nǹkan sí i.

Fún ilé bíi ti IléTutù, mo máa fi irin iná mànàmáná 3 kW tó ń mú omi gbóná sínú táǹkì kékeré yẹn, kí n fi òmíràn sínú táǹkì ìwẹ̀. Bọ́ìlà bá kú, ti táǹkì ìwẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n rí omi wẹ̀, ti táǹkì kékeré á máa lọ sínú ilé. Ẹ má retí kí 3 kW mú ilé yìí gbóná o. Nínú ilé tí 14 kW ń gbé fi dígírì 35 ga ju ìta, 3 kW kò lè gbé e ju dígírì bíi mẹ́jọ lọ. Bí òtútù ìta ò bá ju díẹ̀ lọ, páìpù ò ní dì, ẹ ó sì rí àyè pe oníṣẹ́. Ní −15, ẹ gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn kún un. Ẹni tó ní àgbàlagbà tàbí ìkókó nílé kò ní kí ìyẹn tó òun, mo sì gba ti Màmá lórí ìyẹn.

Aláfẹ́fẹ́

Ohun kan wà tẹ́nikẹ́ni ò tíì bèèrè: irú páìpù oníke wo ló wà nínú kọnkéré yẹn? Àwọn oníke àtijọ́ kan máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn gba ara wọn wọnú omi. Ọ́síjìn yẹn á máa jẹ gbogbo irin tó bá bá pàdé, láti pọ́ǹpù dé àwọn rédíétọ̀ òkè dé inú bọ́ìlà tuntun.

IléTutù

Mo lọ wo ibi tí wọ́n ti yọ sókè lẹ́bàá ògiri. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára wọn pé ó bá DIN 4726 mu. Kí nìyẹn túmọ̀ sí?

Aláfẹ́fẹ́

Ọkàn yín balẹ̀. Ohun tó ń dá ọ́síjìn dúró wà lára rẹ̀. Ká ní kò sí níbẹ̀ ni, mi ò bá ní kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ ooru ya omi abẹ́ ilẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá, kí omi méjèèjì má fara kan ara wọn.

IléTutù

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Màmá, mo dúpẹ́ púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí, ẹ bá mi wò ó. Bọ́ìlà condensing kan, 3 sí 18 kW. Omi rédíétọ̀ ò ní ju 60 lọ, màá pààrọ̀ rédíétọ̀ yàrá igun yẹn sí èyí tó tóbi sí i. Abẹ́ ilẹ̀ á máa gba omi 35 láti inú fáàfù apomipọ̀. Táǹkì 50 lítà pẹ̀lú irin iná mànàmáná. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wo òtútù ìta, kí omi bọ́ìlà máa rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ìta bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn òbí mi lè wá máa gbé pẹ̀lú wa lọ́jọ́ iwájú, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Màmá kò fi kúrò lọ́kàn mi. Ṣé mo lè fi àyè bọ́ìlà kejì sílẹ̀?

Ọ̀gá_Páìpù

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì ná yín ní nǹkan kan tó pọ̀. Kí oníṣẹ́ fi ẹnu páìpù méjì sílẹ̀ lára èyí tó ń jáde àti èyí tó ń padà, kó fi fáàfù sí wọn, kó dí wọn. Kó sì ra páìpù gáàsì tó fẹ̀ tó fún méjì láti ìsinsìnyí. Ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ìlà, ẹ má kan nǹkan kan mọ́ ọn.

Sẹ́ńsọ̀ ìta, ẹ gbé e sí ògiri tí oòrùn kì í pa, kó jìnnà sí fèrèsé àti páìpù èéfín. Bí oòrùn bá pa á lọ́sàn-án, á rò pé ìta ti gbóná, yóò sì dín omi kù fún ilé tí òtútù ń mú.

Lára páìpù abẹ́ ilẹ̀, lẹ́yìn fáàfù apomipọ̀, ẹ fi tẹ́mósítáàtì kan tó máa pa pọ́ǹpù bí omi bá rékọjá 50. Fáàfù lè há lọ́jọ́ kan, omi 60 ò sì gbọdọ̀ wọ abẹ́ kọnkéré yín.

Omi tí bọ́ìlà condensing ń sẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde. Ẹ jẹ́ kó gba inú àpótí òkúta ẹfun kọjá kí ásíìdì rẹ̀ rọlẹ̀, kí páìpù rẹ̀ sì gba inú ilé débi tó ń dà sí. Bó bá gba ìta, á dì, bọ́ìlà á sì pa ara rẹ̀ lálẹ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù lọ.

Àwọn rédíétọ̀ òkè ni mo fi gbẹ̀yìn. Ìdọ̀tí dúdú tó ti pọ̀ nínú wọn kò gbọdọ̀ wọnú bọ́ìlà tuntun, torí ọ̀nà omi inú rẹ̀ tín-ín-rín. Kí wọ́n fọ gbogbo páìpù kí wọ́n tó so ó mọ́ ọn, títí omi tó ń jáde á fi mọ́, kí wọ́n sì fi asẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì sí páìpù tó ń padà bọ̀. Bí oníṣẹ́ kan bá sọ fún yín pé kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíràn.

MàmáÌbejì

Ẹ bá mi sọ fún un kó ṣí asẹ́ yẹn wò lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́. Tèmi kún dẹ́nu.

IléTutù

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, Màmá. Mo ti ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ kẹta, mo sì ti fi nọ́ńbà mítà ránṣẹ́ sí i kó tó wá.